Ohun èlò tí ń tán nílé ìwòsàn: ṣé ṣíṣe é nítòsí ni yóò yanjú rẹ̀?

AlábòójútóSítọ̀ kọ:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí kì í sábà kọjá ìráhùn. Nígbàkígbà tí ohun èlò bá wọ́n nílé ìwòsàn, ohun tí tọmọdé tàgbà máa ń sọ ni pé kí a máa ṣe é fúnra wa nítòsí, kí a yé fojú sọ́nà fún ọkọ̀ ojú omi. N kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ sítọ̀ ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé ohun tí ń tán kì í ṣe ẹ̀rọ ńláńlá. Ìbọ̀wọ́ ni, síríńjì ni, omi tí à ń fà sí aláìsàn lára ni, òwú tí dókítà fi ń rán ojú ọgbẹ́ ni. Àwọn nǹkan tí owó wọn kéré débi pé ẹnikẹ́ni kì í kà wọ́n sí, àfi lọ́jọ́ tí pẹpẹ bá ṣófo.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ìjì líle tí wọ́n ń pè ní Helene jà, omi sì ya wọ ilé-iṣẹ́ Baxter tó wà ní Marion, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 omi ìfàsára tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń lò, ìyẹn nǹkan bí àpò mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lójúmọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń sún iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú síwájú, tí wọ́n sì ń fún aláìsàn tó bá lè gbé nǹkan mì ní omi mu dípò kí wọ́n fà á sí i lára. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe tirẹ̀ nílé nìyẹn o! Ìbéèrè mi ni pé, ṣé jíjìnnà tí ilé-iṣẹ́ jìnnà ló ń dà wá láàmú ni, àbí gbígbára tí a gbára lé ẹyọ kan? Bí a bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan nítòsí, kí ni kí a kọ́kọ́ dáwọ́ lé?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, Alábòójútó. Kí àwọn ọ̀gá tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àìtó ṣe máa ń rí ní wọ́ọ̀dù, nítorí kì í rí bí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ṣe rò ó. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú kánúlà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fi sílẹ̀ nínú iṣan kí omi tàbí oògùn lè máa gbà á wọlé. Àwọ̀ ni a fi ń dá ìwọ̀n rẹ̀ mọ̀: aláwọ̀ ewé tóbi, pínkì kéré sí i, búlúù tún kéré sí ìyẹn, yẹ́lò sì ni ti ọmọ ọwọ́. Yẹ́lò ló sábà máa ń kọ́kọ́ tán. Nínú ìwé sítọ̀, wọn yóò kọ ọ́ pé kánúlà wà, páálí sì lè wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ ki ìyẹn bọ iṣan ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ omi ara rẹ̀ tán. Bákan náà ni omi lè wà kí okùn rọ́bà tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ má sí. Bí ìbọ̀wọ́ bá sì tán, a kò rí nǹkan fi dáàbò bo ọwọ́, a kò tún rí nǹkan fi so apá aláìsàn kí iṣan lè yọ, torí pé ìbọ̀wọ́ yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi so ó.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kọ́kọ́ wá bi àwa tí à ń lò ó léèrè. Kí ó máà ṣe nǹkan tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ṣe nìkan.

Ọmọ_Ẹ̀rọ fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ foríjì mí, ó dà bíi pé a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òkè ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà gba àríwá Ítálì kan, ilé ìwòsàn kan ní ìlú Chiari kò rí fáàfù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbòmú ọ́síjìn mọ́, ẹni tó ń ṣe é kò sì lè kó o dé lásìkò. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Isinnova wọn ọ̀kan, wọ́n yà á sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ 3D tẹ nǹkan bí 100 jáde láìpẹ́ láìjìnnà. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí lójú ìpọ́njú, kí ló dé tí ilé ìwòsàn ńlá kọ̀ọ̀kan kò lè ní ẹ̀rọ 3D bíi mélòó kan, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n lò? Ìdè, àmúga, ìdérí, ojú ìbòjú, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ike kan ṣoṣo tó kán, gbogbo rẹ̀ ni a lè ṣe.

ApòògùnÀgbà fèsì:

Àbúrò mi Ọmọ_Ẹ̀rọ, o káre. Fáàfù yẹn gba ẹ̀mí là, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ike tó wà lóde ara ni o mú wá. Ẹ jẹ́ kí a ya àwọn ohun èlò wọ̀nyí sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti fara kan aláìsàn: èyí tó wà lóde ara, èyí tó gba ẹnu wọlé, àti èyí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ewu wọn kò dọ́gba, bí ewu wọn ṣe rí ló sì yẹ kó pinnu ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú omi ìfàsára tí Alábòójútó mẹ́nu bà, pàápàá èyí tó jẹ́ omi iyọ̀. Bí a bá ka ohun tó wà nínú rẹ̀, gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà omi kan ni, kò sí ohun mìíràn. Èyí ló ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ilé ìdáná ni. Iyọ̀ kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, omi ni. Bí a bá gbé omi náà sínú ẹ̀rọ tí ń fi ooru pa kòkòrò, tí ooru ibẹ̀ dé ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 15, kòkòrò inú rẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n májèlé tó wà lára àwọn bakitéríà tó kú náà kò ní bá wọn lọ. Tí ìyẹn bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara rẹ̀ á gbóná, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé omi náà gbọ́dọ̀ ti mọ́ kó tó dé ibi tí à ń sè é: wọn yóò sọ ọ́ di oru, wọn yóò sì tún gba oru náà padà bí omi, àpò tí wọn ń rọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ yàrá náà gbọ́dọ̀ mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mú nínú gbogbo ọ̀wọ́ tí wọ́n bá ṣe, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún májèlé yẹn kí ó tó jáde. Àyẹ̀wò yìí gan-an ló ń gba owó, òun náà sì ni ẹni tó bá ń kánjú máa ń kọ́kọ́ fò dá.

N kò fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1937 ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan fi diethylene glycol, ohun olómi tó dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n tó jẹ́ májèlé, po sulfanilamide, oògùn tí ń gbógun ti bakitéríà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ikú wọ̀nyẹn ló bí òfin oògùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1938. Ní 2022, ó lé ní 60 ọmọdé tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì kú ní Gáḿbíà, tí wọ́n so ikú wọn mọ́ oògùn olómi tí irú májèlé yẹn wà nínú rẹ̀. Ti 1937, nílé ni wọ́n ti ṣe é. Ti 2022, láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó o wọlé. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tó yẹ èròjà náà wò bó ṣe yẹ kí ó tó dé ẹnu aláìsàn.

Ẹ bèèrè ibi ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sànítáísà ọwọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Fún lítà 10, ẹ ó lo mílílítà 8,333 ethanol (ọtí líle) onídàá 96 nínú 100, mílílítà 417 hydrogen peroxide onídàá 3, àti mílílítà 145 glycerol onídàá 98, ẹ ó wá fi omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù kún un títí yóò fi pé lítà 10. Wákàtí 72 ni wọn yóò fi gbé e sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, kí èyíkéyìí kòkòrò tó sá pamọ́ sínú ìgò lè kú. Ẹ̀ka oògùn ilé ìwòsàn lè ṣe èyí láìní ilé-iṣẹ́ ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ORS, tí wọ́n ń po fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe: fún lítà kan, gíráàmù 13.5 glucose, 2.6 iyọ̀, 2.9 citrate àti 1.5 potassium chloride. Iṣẹ́ ìwọ̀n àti dídì ni, ẹnu ló sì ń gbà wọlé. Omi ìfàsára á tẹ̀ lé wọn, nígbà tí yàrá àyẹ̀wò bá ti dúró tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì ti mọ́ ọn.

Ẹnjiníà_Ọ́síjìn fèsì:

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ dé ibí láìdárúkọ ọ́síjìn, èyí tó jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni à ń yọ ọ́ sí. Kò sí èròjà tí a óò rà láti òkèèrè lóṣooṣù. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní PSA máa ń fún afẹ́fẹ́ wọ inú àgbá tí zeolite, ìyẹn hóró bí òkúta tó ní ihò tín-tìn-tín, wà nínú rẹ̀, zeolite á gbá naitirójìn mú, ohun tó bá kọjá sí òdìkejì á jẹ́ ọ́síjìn tó mọ́ dé nǹkan bí ìdá 93 nínú 100. Bí àgbá kan bá ti kún, ẹ̀rọ á yí sí èkejì, ti àkọ́kọ́ á sì tu naitirójìn rẹ̀ dà nù.

Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tún wọn ṣe fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń pa wọ́n. Omi àti òróró ni. Ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ máa ń tú òróró díẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì ní ọ̀rinrin. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pààrọ̀ asẹ́ lásìkò, méjèèjì á ṣàn lọ sórí zeolite, kò sì ní lè gbá nǹkan kan mú mọ́. Ẹ̀rọ náà á ṣì máa dún, ọwọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ á ṣì máa mì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde fún aláìsàn. Ẹni tó bá ń wo ariwo ẹ̀rọ nìkan kò ní mọ̀. A gbọ́dọ̀ ní ohun tí ń wọn bí ọ́síjìn náà ṣe mọ́ tó lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ti bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pàdé ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ: wọ́n fi ayẹyẹ ṣí i, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ, wọn kò ra asẹ́ àfidípò kankan mọ́ ọn.

Nítòsí nìkan kò tó o. Ní oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Íńdíà ní ọ́síjìn olómi rẹpẹtẹ ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, níbi tí ilé-iṣẹ́ irin wà. Síbẹ̀, ọ́síjìn tán nílé ìwòsàn ní Delhi, aláìsàn kú, nítorí pé ọkọ̀ táńkì tó lè gbé ohun tó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó, ọ̀nà sì jìn.

Ọmọ_Ẹ̀rọ fèsì:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn yé mi. Ìbòmú ńkọ́? Ẹ rántí 2020, ṣebí àwọn télọ̀ ló rán an.

ApòògùnÀgbà fèsì:

Aṣọ ni wọ́n rán, àbúrò. Agbára N95, ìbòmú tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lò láti sẹ́ afẹ́fẹ́, wà nínú ìpele àárín rẹ̀, polypropylene tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ di fọ́nrán tín-ín-rín, tí wọ́n tún fi iná mànàmáná sí lára kí ó lè máa fa eruku mọ́ra. Òun ló fi lè dá ìdá 95 nínú 100 ohun tó kéré bíi 0.3 máíkírọ́ọ̀nù dúró. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìpele yẹn kò pọ̀ láyé, òun sì ni gbogbo ayé ń wá lọ́dún náà. Bí a bá rán ìbòmú nítòsí ṣùgbọ́n tí a ṣì ń ra ìpele yẹn lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo lókèèrè, a kàn gbé ojú ibi tí nǹkan ti lè já kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún ni.

Akọ̀wéÌrajà fèsì:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ omi àti ẹ̀rọ, èmi sì jókòó níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé, mo lè fi dá yín lójú pé níbi ìrajà ni ọ̀pọ̀ àìtó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òfin ìrajà lọ́pọ̀ ibi ní kí a gbé iṣẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ bá kéré jù lọ, bí ọjà rẹ̀ bá ti kúnjú ìwọ̀n. Ó dára létí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iye náà á lọ sílẹ̀ débi pé àwọn olùpèsè á máa kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ẹnì kan tàbí méjì. Ẹ wo cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tó ti pẹ́ tí kò sì wọ́n rárá. Ní ìparí 2022, àwọn aláyẹ̀wò Amẹ́ríkà rí àbùkù ńlá nílé-iṣẹ́ Intas tó wà lẹ́bàá Ahmedabad ní Íńdíà, ilé-iṣẹ́ náà sì dá iṣẹ́ dúró. Nǹkan bí ìdajì cisplatin tí Amẹ́ríkà ń lò ló ń ti ibẹ̀ wá. Ní 2023, àwọn dókítà ibẹ̀ ń ronú lórí aláìsàn tí yóò gbà á àti èyí tí yóò dúró, lórí oògùn tí iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Àwọn tó gbà pé tí a bá ti kọ́ ilé-iṣẹ́ ọjà á tà, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí Aspen, ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti máa fi orúkọ tiwọn ṣe àjẹsára Kòrónà ti Johnson & Johnson ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Gqeberha. Ilé wà, ẹ̀rọ wà, òṣìṣẹ́ wà, àṣẹ wà. Oṣù ń gorí oṣù, kò sí ẹni tó fi ìwé ìbéèrè ọjà ránṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ti pariwo pé kí Áfíríkà ṣe tirẹ̀ ti lọ gba tiwọn níbòmíràn, àwọn mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Gavi, àjọ àgbáyé tó ń ra àjẹsára fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ṣí ètò kan ní oṣù Kẹfà 2024, tí yóò ná tó bílíọ̀nù 1.2 dọ́là láàárín ọdún 10 fún àwọn tó ń ṣe àjẹsára ní Áfíríkà, tí owó náà yóò sì máa jáde bí ẹni náà bá ti gba ìwé ìjẹ́rìí Àjọ Ìlera Àgbáyé, tàbí tó bá ti jáwé olúborí nínú ìrajà. Mo fara mọ́ irú rẹ̀ ju owó ìkọ́lé lọ.

Oníléeṣẹ́Báńdéèjì fèsì:

Ọlọ́run bù kún yín, Akọ̀wé. Báńdéèjì àti aṣọ ìbora iṣẹ́ abẹ ni ilé-iṣẹ́ mi ń ṣe, ẹnu yín ni mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà lọ.

Òwú tí mo fi ń hun ọjà mi, owó ibodè ń bẹ lórí rẹ̀. Báńdéèjì tí wọ́n ti hun tán tí wọ́n ń kó wọlé, wọ́n yọ̀ǹda owó ibodè tirẹ̀ nítorí pé ohun ìlera ni. Ẹ sọ fún mi ọ̀nà tí n ó gbà bá a dọ́gba. Yàtọ̀ sí èyí, ilé ìwòsàn á gba ọjà lọ́wọ́ mi lónìí, wọ́n á sì sanwó nígbà tó bá wù wọ́n. Olùpèsè òkèèrè kì í gba irú rẹ̀, owó rẹ̀ á wọlé kí páálí tó kúrò nílẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo wà nítòsí, èmi ni wọ́n ń sọ fún pé kí n ní sùúrù. Báńkì kò ní sùúrù fún mi ní tirẹ̀. Mo ti ní ọjà nílẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn tó jẹ mí lówó ń sunkún pé báńdéèjì tán; n kò lè gbé òmíràn fún wọn láìrí ti àkọ́kọ́ gbà.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Oníléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: báńdéèjì tí à ń rí gbà láti ibi tó súnmọ́ wa nígbà mìíràn máa ń tú fọ́nrán sínú ọgbẹ́, a sì ń fi àmúga ṣà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò burú kí owó yín pé, ó yẹ kí ọjà yín náà pé.

Oníléeṣẹ́Báńdéèjì fèsì:

Ẹ̀dùn yín tọ́, Nọ́ọ̀sì. Etí tí wọn kò ká wọ inú ló ń fa ìyẹn, àti òwú tí kò gùn. Ẹni tó fẹ́ dín owó kù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé sì ti sọ ìdí tí gbogbo wa fi ń dín in kù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìrajà pé etí gbọ́dọ̀ ká wọ inú, kí ẹ sì dá èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ padà.

AlábòójútóSítọ̀ fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè mi ti yí padà díẹ̀. Ká ní a pín ohun tí a ń rà sí méjì, tí a fi apá kan sílẹ̀ fún olùpèsè tó wà nítòsí fún ọdún mẹ́ta gbáko, tí a sì ń ra ìyókù lọ́wọ́ ẹlòmíràn níbòmíràn, kí ìjì tàbí àyẹ̀wò tó bá ti ọ̀kan pa má baà tì wá pa. Akọ̀wé, ṣé òfin ìrajà máa ń gbà á? Kí ni a óò kọ sínú àdéhùn náà?

Akọ̀wéÌrajà fèsì:

Ọ̀pọ̀ òfin ìrajà gbà á, Alábòójútó, bí a bá ti kéde rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú iye wá. Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ni iye tí a ó rà ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó má jẹ́ iye tí a lè rà. Ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, pẹ̀lú èlé tí ilé ìwòsàn yóò san bí ó bá pẹ́. Àti ẹ̀tọ́ láti mú nínú ọ̀wọ́ èyíkéyìí lọ sí yàrá àyẹ̀wò tí kì í ṣe ti olùpèsè. Kí olùpèsè náà ní oṣù méjì ọjà nílẹ̀ nígbà gbogbo, kí a sì san owó ìpamọ́ rẹ̀ fún un, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá wa tọ́jú ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò jẹ́ kí iye rẹ̀ ga ju ti òkèèrè lọ díẹ̀, àwọn aláyẹ̀wò owó yóò sì béèrè ìdí. Kí ẹ ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ ṣáájú.

Oníléeṣẹ́Báńdéèjì fèsì:

Bí mo bá rí irú ìwé yẹn tí wọ́n ti fọwọ́ sí, mo lè gbé e lọ sí báńkì lọ́jọ́ kejì. Ohun tí báńkì ń béèrè lọ́wọ́ mi láti ìgbà yìí ni ẹni tí yóò rà á àti ọjọ́ tí yóò sanwó. Ẹ fi ti àyẹ̀wò kún un, n kò kọ̀, ṣùgbọ́n kí àbájáde rẹ̀ máa dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ọjà tó jókòó sílẹ̀ de èsì oṣù mẹ́ta ti jẹ owó tó yẹ kí n fi ra òwú tuntun.